Mithai: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe Ìpápánu Aládùn Ilẹ̀ Íńdíà àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tà Á

Omi ni olórí ọ̀rọ̀ nínú mithai. Iye omi tó kù nínú rẹ̀ nígbà tó bá kúrò lórí iná ló ń pinnu bóyá yóò dúró tàbí yóò tú, iye ọjọ́ tó lè lò lórí àtẹ, àti èrè tó wà nídìí rẹ̀. Laddu tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana ṣe kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní omi kankan, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìṣe nǹkan kan. Rasgulla, ìyẹn ìdì mílíìkì róbótó tí Kolkata fi ń yangàn, wà nínú omi ṣúgà tọ̀sán-tòru, ọjọ́ méjì péré ni tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ halwai, ìyẹn àwọn tó ń ṣe mithai tà ní àríwá Íńdíà, kò yẹ kó ti orí èyí tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀. Èyí tí omi rẹ̀ kéré jù ni kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Bí a ṣe tò ó síbí nìyẹn: laddu ló ṣáájú, kaju katli tí wọ́n fi kajú ṣe tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà gulab jamun tí wọ́n ń fi mílíìkì ṣe, tí wọ́n ń dín kó tó wọ omi ṣúgà, kí ọwọ́ tó wá kan rasgulla.

Ohun èlò

Ẹ ra òṣùwọ̀n tó lè ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ife kò ṣeé gbára lé nínú iṣẹ́ yìí, torí ìyẹ̀fun tí ẹ kì mọ́ inú ife máa ń wúwo dáadáa ju èyí tí ẹ rọra bù síbẹ̀ lọ, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á tí ti òní fi yàtọ̀ sí ti àná. Lẹ́yìn òṣùwọ̀n, ẹ wá tẹ̀mọ́mítà ìdáná tó lè dé 200°C, agbada onírin tí ìdí rẹ̀ nípọn, ọmọrogùn ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ tó lè ha ìdí agbada, asẹ́ wẹ́wẹ́, àti aṣọ òwú funfun tí kò rùn ọṣẹ. Ẹ má fi agbada fẹ́lẹ́ se mílíìkì. Ìdí rẹ̀ yóò ti jóná kí òkè tó gbóná, òórùn jíjóná yẹn kì í sì í lọ mọ́, bó ti wù kí kádámọ́mù tí ẹ dà sí i pọ̀ tó.

Ghee ni ọ̀rá tí iṣẹ́ náà dúró lé. Bọ́tà tí kò níyọ̀ 500 g máa ń fún yín ní nǹkan bíi 400 g ghee. Ẹ gbé e ka iná kékeré. Yóò yọ́, yóò hó, yóò sì máa ta pàrà-pàrà nítorí omi inú rẹ̀. Nígbà tí ariwo náà bá rọlẹ̀, tí òkè rẹ̀ mọ́ kedere, tí èérún tó sùn sísàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ. Àwọn ṣọ́ọ̀bù olówó pọ́ọ́kú máa ń fi vanaspati rọ́pò ghee, ìyẹn òróró ewébẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ti sọ di líle. Ó dín ìnáwó kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, ẹni tó bá sì mọ mithai kò ní padà wá rà.

Laddu besan

Besan ni orúkọ ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana tí wọ́n bó tí wọ́n sì lọ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà: èyí tó kúnná, tí wọ́n fi ń din nǹkan bí àkàrà, àti èyí tó rí wóró-wóró. Èyí tó rí wóró-wóró ni kí ẹ rà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi sèmólínà 50 g rọ́pò 50 g nínú èyí tó kúnná.

Fún bíi laddu 26 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n 40 g: besan 500 g, ghee 250 g, ṣúgà lílọ̀ 350 g, kádámọ́mù lílọ̀ ṣíbí tíì kan.

Ẹ yọ́ ghee, ẹ da besan sí i, kí ẹ máa rò ó lórí iná kékeré. Níbẹ̀rẹ̀ yóò ki, yóò wúwo lọ́wọ́, yóò dà bíi pé ghee kò tó. Ẹ má fi kún un. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 15, ìyẹ̀fun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tu ghee padà, yóò dẹ̀, ọmọrogùn yóò sì máa lọ geere nínú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 40, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ yóò pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì gba gbogbo ilé. Imú ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n ju ojú lọ: bí òórùn ẹ̀wà tútù bá ṣì wà níbẹ̀, kò tíì jinná, kò sì sí ohun tó lè tún un ṣe tí ṣúgà bá ti wọ inú rẹ̀. Nígbà tó bá jinná, ẹ wọ́n omi ṣíbí ìjẹun méjì sí i. Yóò ru sókè lójijì, nítorí náà ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ máa rò ó títí omi yẹn yóò fi gbẹ tán pátápátá. Òun ló ń jẹ́ kí laddu rí wóró-wóró lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí ó bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, laddu yín yóò bu kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ da ṣúgà sí i. Ẹ gbé agbada kúrò lórí iná, kí ẹ dúró títí ìka yín yóò fi lè wà nínú rẹ̀ láìjóni. Bí ẹ bá kánjú, ṣúgà yóò yọ́, àpòpọ̀ náà yóò di ọlọ́mi, laddu yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tíréè. Tí ìyẹn bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e síbi tútù fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ tún un pò, kí ẹ tó mọ ọ́n róbótó. Bí ó bá ń fọ́ lọ́wọ́, ghee ni kò tó: ẹ yọ́ ṣíbí ìjẹun kan sí i, kò gbọdọ̀ ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Laddu tó ń lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu jẹ́ àmì pé ìyẹ̀fun rẹ̀ kúnná jù tàbí pé kò jinná tó.

Tí àwọ̀ besan tí ẹ rà bá pọ̀ lódì, ẹ ṣọ́ra fún un. Àwọn oníjìbìtì kan máa ń fi àwọ̀ aṣọ kan tí wọ́n ń pè ní metanil yellow kún un, òfin Íńdíà sì ka á léèwọ̀ nínú oúnjẹ.

Kaju katli

Èyí ni wọ́n máa ń gé sí onígun mẹ́rin bíi dáyámọ́ńdì, tí fàdákà fẹ́lẹ́ máa ń wà lójú rẹ̀. Púpọ̀ nínú kajú tí wọ́n ń bó ní Kollam àti Mangalore ní Íńdíà, ọkọ̀ ojú omi ló kó o wá láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, títí kan Nàìjíríà. Ẹ má ra odindi kajú. Owó rẹ̀ ga ju ti èyí tó ti là tàbí tó ti fọ́ lọ, ẹ sì máa lọ̀ ọ́ ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kó funfun, kó gbẹ, kó má sì tíì wọ iyọ̀ tàbí iná yíyan.

Kajú 500 g, ṣúgà 250 g, omi 125 ml àti ghee ṣíbí ìjẹun kan yóò fún yín ní nǹkan bíi 770 g.

Bí kajú bá ti inú fíríìjì wá, ẹ jẹ́ kó bá yàrá dọ́gba kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ máa tan ẹ̀rọ ìlọta fún ìṣẹ́jú àáyá bíi márùn-ún, kí ẹ pa á, kí ẹ mi í, kí ẹ tún tan án. Tí ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ, ẹ̀rọ yóò gbóná, kajú yóò tu òróró, yóò sì di ohun tí a lè fi pa búrẹ́dì. Katli kò lè jáde nínú ìyẹn mọ́. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tún èyí tó kù lórí asẹ́ lọ̀.

Ẹ se ṣúgà àti omi títí yóò fi dé ohun tí àwọn halwai ń pè ní okùn kan, ek tar. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka àtọ́ka mú díẹ̀ nígbà tó bá ti tutù mọ níwọ̀nba, ẹ ya ìka méjèèjì. Bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo bá nà láàárín wọn, ó ti tó. Tẹ̀mọ́mítà yóò wà ní nǹkan bíi 105°C. Ẹ sọ iná di kékeré pátápátá, ẹ da kajú sí i, kí ẹ máa rò ó. Ìṣẹ́jú 6 sí 10 ni. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára agbada, yóò sì máa kó ara jọ sí ojú kan. Ẹ mú èyí tó tó ẹyọ àgbàdo kan, kí ẹ fi ìka yí i: bí ó bá di róbótó tí kò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn ìyẹn ti tó láti sọ ọ́ di òkúta.

Ẹ fi ghee kun ọwọ́, ẹ pò ó nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, títí yóò fi dán. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìdáná méjì, ẹ na án títí nínípọn rẹ̀ yóò fi di mìlímítà 5 tàbí 6, kí ẹ gé e nígbà tó bá tutù. Tó bá le jù, ẹ dá a padà sórí iná kékeré pẹ̀lú mílíìkì ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé mílíìkì yẹn ti gé ọjọ́ rẹ̀ kúrú. Tó bá ń lẹ̀, iná ni kò tó. Ẹ tún un rò fún ìṣẹ́jú méjì.

Fàdákà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn ń jẹ́ varak. Tẹ́lẹ̀, inú awọ ẹran ni wọ́n ti máa ń lù ú títí yóò fi fẹ́lẹ́. Ní 2016, FSSAI, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Íńdíà, fòfin de lílo ohunkóhun tó ti ara ẹran wá nínú ṣíṣe varak. Ó yẹ kí èyí ká yín lára bí ẹ bá ń tajà fún àwọn ẹlẹ́sìn Jain àti ọ̀pọ̀ Híńdù, torí wọn kì í fẹnu kan ohun tí awọ màlúù ti kàn. Àwọn kan sì máa ń ta alumíníọ́mù ní orúkọ fàdákà. Ẹ fi ìka méjì ra varak kan: fàdákà yóò parẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, alumíníọ́mù yóò ká jọ.

Gulab jamun

Khoya ni mílíìkì tí wọ́n rò lórí iná títí omi rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lítà kan mílíìkì ẹfọ̀n máa ń fún yín ní bíi 200 g sí 220 g. Ti màlúù kì í tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti hó, ẹ máa ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ agbada láìdúró. Lítà méjì lè gbà tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn oníṣẹ́ mọ̀: pindi, tó le, fún mithai tí wọ́n ń pè ní peda àti barfi, dhap, tó rọ̀ tí ó sì ní omi díẹ̀ sí i, àti danedar, tí wọ́n fi ohun kíkan díẹ̀ sí kó lè rí wóró-wóró, fún mithai tí wọ́n ń pè ní kalakand. Dhap la fẹ́ níbí.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Delhi kì í se é fúnra wọn, wọ́n á lọ rà á ní ọjà bíi ti Mori Gate. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ fi ìka ra á kí ẹ sì gbọ́ òórùn rẹ̀: ojúlówó yóò fi ọ̀rá sílẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní kan. Ẹ se díẹ̀ nínú omi, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ kán áyódíìnì méjì tàbí mẹ́ta sí i. Bó bá di búlúù, wọ́n ti po ìyẹ̀fun mọ́ ọn. Àsìkò Diwali, ọdún àwọn Híńdù, ni irú èyí máa ń pọ̀ jù.

Fún ogún ẹyọ: khoya 250 g, chhana 60 g (ìdì mílíìkì bíi wàrà ni, kì í ṣe ẹ̀wà chana; a óò sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nísàlẹ̀), fulawa 45 g, baking soda ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, àti mílíìkì díẹ̀ tó lè kó wọn jọ. Ẹni tí kò rí khoya lè fi mílíìkì onípáúdà ọlọ́ràá 200 g, fulawa 50 g, ghee 30 g, baking soda bákan náà, àti mílíìkì olómi bíi 90 ml rọ́pò. Ó máa ń ṣeé jẹ, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó ti khoya.

Omi ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ sè: ṣúgà 600 g, omi 600 ml, kádámọ́mù mẹ́rin tí ẹ fọ́. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 6 sí 8, títí yóò fi máa lẹ̀ mọ́ ìka láìta okùn. Ẹ fi omi òdòdó róòsì díẹ̀ sí i, kí ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ dé bíi 60°C.

Ẹ lọ khoya àti chhana kúnná pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ yín kí fulawa tó wọ̀ ọ́. Ẹ pò wọ́n pọ̀ jẹ́jẹ́, torí bí ẹ bá pò ó bíi búrẹ́dì yóò le. Ẹ mọ ọ́n ní 18 g, kó má sí ìlà kankan lára rẹ̀. Ghee tàbí òróró tí ẹ fẹ́ fi dín in gbọdọ̀ wà láàárín 130°C sí 140°C, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ gbóná tó ti àkàrà rárá. Ẹ fi ẹyọ kan dán an wò. Ó yẹ kó rì, kó pẹ́ díẹ̀, kó sì máa rọra léfòó bọ̀. Ẹ máa ru òróró náà yí wọn ká fún ìṣẹ́jú 10 sí 12 títí wọn yóò fi pọ́n dọ́gba, kí ẹ wá kó wọn sínú omi ṣúgà. Wákàtí méjì ni ó kéré tán kí ó tó mu un dé inú.

Tí ẹyọ tí ẹ fi dán an wò bá tú sínú òróró, ẹ fi fulawa ṣíbí kan kún un. Baking soda sì lè ti pọ̀ jù. Tó bá là lára, ó gbẹ jù, mílíìkì ló ń fẹ́. Tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá dúdú tí inú rẹ̀ sì le, òróró ti gbóná jù. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni èyí tó wú dáadáa lórí iná, tó wá hunjọ nínú omi ṣúgà: omi ṣúgà yẹn ló ki jù tàbí tó tutù jù, dípò kó wọlé, ó ń fa omi jáde lára rẹ̀.

Rasgulla

Àwọn ará Kolkata ní Nobin Chandra Das, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Baghbazar, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1868. Àwọn ará Odisha ní tẹ́ńpìlì Jagannath ní Puri ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìjọba fún West Bengal, ìpínlẹ̀ tí Kolkata wà, ní ìwé ẹ̀rí lórí tiwọn ní 2017, ó sì fún Odisha náà ní tirẹ̀ ní 2019, ìjà sì ń bá a lọ. Ti Kolkata la óò ṣe: funfun báláú, tó ń padà sípò rẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ti rí bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà ti mọ ìlàjì iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ewé bomubomu fún chhana. Bomubomu máa ń mú wàrà dì gírígírí tó fi lè wọ òróró gbígbóná láìtú; chhana ní láti rọ̀ kó sì ṣeé fọwọ́ lọ̀ kúnná. Ohun kíkan ló ń fún wa nírú ìyẹn. Mílíìkì màlúù sì ni, torí chhana mílíìkì ẹfọ̀n máa ń le, ó sì lọ́ràá jù.

1. Ẹ se mílíìkì màlúù lítà 2 títí yóò fi hó. Ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ dúró títí yóò fi wá sí bíi 80°C.

2. Ẹ po omi ọsàn wẹ́wẹ́ 60 ml mọ́ omi 60 ml. Ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ rọra máa rò ó. Nígbà tí ìdì funfun bá yà sọ́tọ̀, tí omi rẹ̀ sì mọ́ tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, kódà bí ọsàn bá kù. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Kolkata kì í lo ọsàn; omi wàrà àná tó ti kan ni wọ́n ń dà sí i, chhana rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ju ti ọsàn lọ.

3. Ẹ da omi tútù lítà kan sí i kíá kó má bàa máa jinná lọ. Ẹ sẹ́ ẹ sínú aṣọ, kí ẹ fi omi tútù ṣàn án títí kíkan rẹ̀ yóò fi lọ.

4. Ẹ so aṣọ náà kọ́ fún ìṣẹ́jú 30 sí 45. Ìpele yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹ mú díẹ̀, ẹ fi ìka rà á: ó yẹ kó di ọ̀kan láìfọ́ sí wẹ́wẹ́, kó tutù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí omi má kán lára rẹ̀ bí ẹ bá fún un. Bíi 350 g lẹ óò rí.

5. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ máa tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ ká a jọ, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, fún ìṣẹ́jú 8 sí 10. Bí ọ̀rá bá ti ń dán lọ́wọ́ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ọ̀rá yóò tú jáde, rasgulla yóò sì le.

6. Ẹ wọ̀n ọ́n ní 12 g, ẹ mọ ọ́n róbótó láìsí ìlà. Ẹ fi aṣọ tútù bò wọ́n.

7. Nínú ìkòkò gbígbòòrò, ẹ se ṣúgà 800 g pẹ̀lú omi 2.4 lítà. Tí ṣúgà bá dọ̀tí, ẹ da mílíìkì ṣíbí kan sí i. Ìdọ̀tí yóò gun òkè, ẹ bù ú dànù. Ẹ po fulawa ṣíbí tíì kan mọ́ omi díẹ̀, kí ẹ dà á sí i kí ìfófòó rẹ̀ lè dúró. Iná gbọdọ̀ le. Ẹ kó wọn sínú rẹ̀ nígbà tó bá ń hó yaya, kí ẹ dé e.

8. Ìṣẹ́jú 15. Ìfófòó gbọdọ̀ bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà yìí. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ wọ́n omi gbígbóná ṣíbí ńlá kan yíká etí ìkòkò kí omi ṣúgà má bàa ki. Wọn yóò tó ìlọ́po méjì. Ẹ ju ẹyọ kan sínú ife omi: tó bá rì, ó ti jinná.

9. Ẹ kó wọn sínú omi ṣúgà mìíràn tó fúyẹ́ tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí 4 sí 6 kí ẹ tó tà wọ́n.

Bí rasgulla bá tú nínú ìkòkò, omi tó kù nínú chhana ti pọ̀ jù, tàbí ẹ kò lọ̀ ọ́ dójú àmì. Bí ó bá wú tó sì fẹ́ pẹrẹsẹ, omi náà ni. Èyí tó ń ké gígìgì-gígìgì lábẹ́ eyín ni èyí tí ẹ fún gbẹ jù, tàbí tí mílíìkì rẹ̀ gbóná jù nígbà tí ohun kíkan wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ tí wọn kò wú, ẹ wo iná yín: ìkòkò tó kún jù, tó ń hó pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kì í ṣe rasgulla. Ẹ sì má ṣí ìdérí ṣeré. Èyí tó wú yóò rọlẹ̀ padà.

Títà

Ní Íńdíà, ẹni tó bá ń ta oúnjẹ gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FSSAI. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n tún gbọdọ̀ kọ ọjọ́ tí mithai yóò kọjá àkókò rẹ̀ síwájú àwo kọ̀ọ̀kan tó wà lórí àtẹ láìdì. Ìlànà àjọ náà gba kalakand láyè ọjọ́ kan péré, rasgulla ọjọ́ 2, peda àti barfi lásán ọjọ́ 4, kaju katli ọjọ́ 7, laddu besan títí dé ọjọ́ 30. Ẹ ka gulab jamun mọ́ àwọn ọlọ́mi, kí ẹ sì tètè tà á.

Iye owó kò ṣeé méfò. Ká fi rúpìì 900 ṣe iye kílò kajú, kí kílò ṣúgà jẹ́ rúpìì 45. Àpẹẹrẹ lásán ni, iye ọjà yín ni kí ẹ fi sí i. Kílò katli kan yóò jẹ kajú 650 g àti ṣúgà 325 g, ìyẹn rúpìì 585 àti nǹkan bíi 15. Kí lẹ wá ń bá oníṣúgà ná sí? Ọjọ́ tí ẹ bá ra kajú ló ń pinnu bóyá ẹ ó jèrè, nítorí náà ẹ rà á kí gbogbo ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a fún Diwali. Lórí iye yẹn ni gáàsì, owó òṣìṣẹ́, varak, páálí àti ilé yóò tó wọlé. Etí tí ẹ gé kúrò kì í ṣe àdánù, ẹ tún un pò mọ́ èyí tó kàn.

Ti rasgulla yí padà: 12 g chhana ló wọ inú ìkòkò, èyí tó jáde sì ti ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà, omi àti ṣúgà ni ìyókù. Omi tó ń bà á jẹ́ lọ́jọ́ kẹta yẹn náà ló ń mówó wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹyọ-ẹyọ fi ni wọ́n ń tà á ní Kolkata. Bí ẹ kò bá ní oníbàárà tó ń dé lójoojúmọ́, èrè yẹn kò ní tó àwọn tí ẹ óò dà nù.

Fún Diwali, tó máa ń bọ́ sí oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, laddu lẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, katli ní ọjọ́ mẹ́rin, àwọn onikhoya ní ọjọ́ kan. Nínú páálí ẹ̀bùn, ẹ má kó àwọn ọlọ́mi mọ́ àwọn gbígbẹ, torí omi yóò ṣí lọ sára katli, varak rẹ̀ yóò sì ṣú. Ẹ má sì wọn páálí mọ́ mithai. Páálí líle lè wọ̀n tó 100 g, àwọn ọlọ́jà kan sì máa ń ta á ní iye kajú. Òfin ìwọ̀n Íńdíà lòdì sí i, àwọn oníbàárà sì ti gbọ́n sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é tà ní Britain gbọdọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù àdúgbò ní ọjọ́ 28 kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì kọ mílíìkì, kajú àti fulawa sára páálí kedere nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà á. Nàìjíríà ńkọ́? Èyí tí ẹ bá dì sí ike tàbí páálí fún ṣọ́ọ̀bù gbọdọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC.

Ní alẹ́, omi ṣúgà yóò ṣẹ́ kù. Ti gulab jamun, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún un sè títí yóò fi hó, kí ẹ lò ó lọ́jọ́ kejì fún jalebi, ìyẹn mithai dídín tí wọ́n ń rì bọ omi ṣúgà. Ti rasgulla ní èérún chhana nínú, ó sì máa ń tètè kan. Ẹ dà á nù, ẹ má sì fi bu omi kún ti tuntun láé.